Ta ló parọ́, gọ́fúmẹ́ńtì àbí àbúrò ọkọ yín? Ìdáhùn mi fún màmá onígàrí láti Ìlawẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ káàárọ̀ o sà. Ìlawẹ́-Èkìtì ni mo wà, gàrí ni mò ń ṣe, mo ní ẹ̀rọ kan tí a fi ń lọ̀ gbágùúdá àti obìnrin mẹ́rin tó ń bá mi yan án. Gbogbo ìgbà tí àwọn gọ́fúmẹ́ńtì bá wá bá wa sọ̀rọ̀, wọn á ní àwa oníṣẹ́ kéékèèké la jẹ́ òpó tó gbé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dúró. Àbúrò ọkọ mi tó kàwé l'EKSU ní irọ́ ni, pé kọ́ńpìnnì ńlá ló ń sọ ìlú di olówó, àwa kàn ń wá oúnjẹ òòjọ́ ni. Ta ló parọ́ nínú àwọn méjèèjì? Tó bá sì jẹ́ pé àwa l'òpó lóòótọ́, kí ló dé tí ọdún kọkànlá rèé tí mo ṣì wà lójú kan?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru ìdí agbada. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní economics l'Adó níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ òpó ọrọ̀ ajé yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ níwájú kíláàsì àìmọye ìgbà, bí ẹni ń ka Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò dúró rò ó. Ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n tún un rò.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Gọ́fúmẹ́ńtì ń ka bí a ṣe pọ̀ tó, àbúrò ọkọ yín ń wo bí a ṣe kéré tó, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí ìjà.

NBS tó ń ka nǹkan fún ìjọba àti SMEDAN tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003 torí àwa oníṣẹ́ kéékèèké jọ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Wọ́n ní nígbà tí 2020 ń parí, iṣẹ́ kéékèèké àti ti alábọ́ọ́dé tó wà ní Nàìjíríà jẹ́ mílíọ̀nù 39.6, nǹkan bí 88 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n sì ń mú jáde jẹ́ 46 nínú 100 gbogbo ọrọ̀ tí ìlú ń pèsè lọ́dún. Ibẹ̀ ni àwọn gọ́fúmẹ́ńtì máa ń dúró sí, wọn á gba àtẹ́wọ́, wọn á jókòó. Àwa ẹ jẹ́ ká ka ìyókù. Nínú mílíọ̀nù 39.6 yẹn, mílíọ̀nù 38.4 ló jẹ́ pé èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò pé mẹ́wàá, àwọn tó ní láti 10 títí dé 199 ò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé tí a bá to ọgọ́rùn-ún nínú wọn sílẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló rí bíi tiyín, ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ tó tiyín, mẹ́ta péré ló ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọjà tí Nàìjíríà ń tà sókè òkun ńkọ́? 6 nínú 100 ló tọwọ́ gbogbo wa jáde.

Ẹ bá mi wo 88 àti 46 yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ yín ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn mẹ́wàá pé jọ síbi ìnáwó, mẹ́sàn-án dúró sídìí odó, wọ́n ń gún, òógùn ń bọ́, iyán tí gbogbo wọn gún ò tó ìdajì, ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó ti ẹ̀rọ ló gún ìyókù. Kì í ṣe pé àwọn mẹ́sàn-án ya ọ̀lẹ o, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ò jọra. (Epo rọ̀bì wà nínú ìyókù yẹn, iṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀, kẹ́nì kan má lọ rò pé fákítìrì ni gbogbo ẹ̀.)

Àmọ́ kí ọmọ EKSU wa má tíì máa jó. Ẹ bi í pé gbágùúdá tí wọ́n wú l'Ọ́jọ́bọ̀, ìgbà wo ló máa bà jẹ́? Láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú ẹ̀ ti ń dúdú, kò wúlò fún gàrí mọ́. Nàìjíríà ló ń gbin gbágùúdá jù láyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ́dún, kọ́ńpìnnì ńlá wo l'Ékòó ló fẹ́ wá máa sáré gbé e láti oko Ìlawẹ́ pẹ̀lú títì tí gbogbo wa mọ̀ yìí? Tí a bá ní 100 kílò gbágùúdá tútù, gàrí tó máa jáde níbẹ̀ jẹ́ 20 sí 25 kílò. Nítorí náà tí ẹ bá ti bó o, tí ẹ lọ̀ ọ́, tí ẹ fi jáàkì fún omi ẹ̀ dànù, tí ẹ sẹ́ ẹ, tí ẹ yan án tán, ẹrù tó yẹ kó gba mọ́tò mẹ́rin, mọ́tò kan ló kù tó máa gbà, ó sì lè wà nínú àpò fún oṣù púpọ̀ láìṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún Nàìjíríà nìyẹn, ẹ ń sọ ohun tó fẹ́ rà di ohun tó lè rìnrìn àjò. Tí kò bá sí irú yín lẹ́bàá oko, àgbẹ̀ ò ní gbin ju èyí tí ilé ẹ̀ máa jẹ lọ, kí ló fẹ́ fi ìyókù ṣe? Iṣẹ́ òpó nìyẹn lóòótọ́, kọ́ńpìnnì ńlá ò lè bá yín ṣe é.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ kékeré ló rí báyìí, ibi tí èmi àtàwọn olóṣèlú ti máa ń yà nìyí. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba l'Adó ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù, ẹ wo ojú àwọn tó ń tajà, kí ẹ tún padà lọ níbẹ̀ nígbà tí alẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé sórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ máa rò pé ọjà méjì ni. Láti October 1, 1996 tí wọ́n ti yọ wá lára Oǹdó, owó tó ń wá láti Àbújá lóṣooṣù la fi ń mí. Tíṣà gbowó oṣù, ó san fún oníkéèkẹ́, oníkéèkẹ́ ra ìrẹsì, onírẹsì ra káàdì fóònù. Owó yẹn ń yí lóòótọ́, ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, èmi ò ní pẹ̀gàn ẹ̀ láéláé, àmọ́ owó kan náà ni, a kàn ń gbé e láti àpò kan sí òmíì. Tó bá sì jẹ́ ọjà òkèèrè la fi rà, ó sùn l'Adó ní alẹ́ kan péré, ilẹ̀ mọ́ ó ti gba Akúrẹ́ lọ s'Ékòó, láti Ékòó ó di Ṣáínà. Gàrí yín tí ẹ tà fún ará Ékòó yàtọ̀ síyẹn pátápátá, ìyẹn owó tí kò sí ní Èkìtì tẹ́lẹ̀ ni, kò bá alẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni wọlé. Torí náà tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ran ẹgbẹ̀rún kan oníṣòwò lọ́wọ́, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé èwo nínú wọn ló ń ṣe nǹkan, èwo ló ń tún nǹkan tà. Ní àdúgbò mi nìkan mo ti ka oníPOS méje lórí títì kan tí kò gùn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, wọn á ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àpò kásítọ́mà kì í ṣe ojú ọ̀run. Tí ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ bá ṣí lọ́la, ìlú ò ní lówó sí i, àwọn méje yẹn náà ló máa bá a pín èyí tí wọ́n ń rí.

Ó wá ku ọdún kọkànlá yín tó wà lójú kan. Fún èmi o, ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn wà. Ìṣòro ìlú bíi tiwa kì í ṣe pé iṣẹ́ kékeré ò tó, wọ́n ti pọ̀ jù, wọn kì í dàgbà ni. Ní 2014, àwọn onímọ̀ méjì kan, Chang-Tai Hsieh àti Peter Klenow, ṣe ìwádìí lórí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde ní Amẹ́ríkà, Íńdíà àti Mẹ́síkò. L'Amẹ́ríkà, èyí tó bá ti lo 40 ọdún, òṣìṣẹ́ tó ní ju ìlọ́po méje ti àwọn tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Ní Íńdíà àti Mẹ́síkò, bí ìlọ́po méjì lásán ni. Ìyẹn ni pé tí ẹni méjì bá jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ márùn-ún márùn-ún, nígbà tí ọmọ wọn bá fi ń darúgbó, ọ̀kan ti lé ní 35, èkejì ṣì wà ní 10. Ọjọ́ tí mo ka ìwádìí yẹn, ìyá mi tó yan gàrí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo rántí, agbada méjì ló fi bẹ̀rẹ̀, agbada mẹ́ta ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú.

Kí ló ń fà á? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a fẹ́ràn, ìyẹn fírídọ̀ọ̀mù. Telọ̀ kan ní Ìkéré á gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà. Tó bá di ọdún kẹta wọ́n á rán aṣọ kan náà, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á gé kéèkì, pásítọ̀ á gbàdúrà, ọ̀gá á gba owó tiẹ̀, inú gbogbo èèyàn á dùn. Kó tó di oṣù méjì, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ti ṣí, ẹ̀rọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń dúró de aṣọ ọdún. Tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá dúró ti ọ̀gá, tí ẹnì kan ń gé aṣọ, tí ẹnì kan ń ran ọrùn, tí ẹnì kan ń lẹ bọ́tìnnì, wọn ò bá ti lè gba yunifọ́ọ̀mù odindi ilé ìwé. Àmọ́ ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ títí ayé? Ọmọ Èkìtì ṣáà ni wá, kálukú fẹ́ jẹ́ ọ̀gá (ìdí nìyẹn tí prófẹ́sọ̀ wa fi ju fákítìrì wa lọ). Mi ò dá ọmọ iṣẹ́ lẹ́bi o, ọ̀gá tí kò lè san owó gidi fún wọn, kí ló fẹ́ fi dá wọn dúró. Àwọn Ígbò ní tiwọn, ọmọ tó bá sin ọ̀gá dáadáa, ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà tó máa fi bẹ̀rẹ̀, bí Nnewi ṣe kún fún olówó tó ń ta páàtì mọ́tò nìyẹn, táwọn kan nínú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe páàtì fúnra wọn. Tiwa ńkọ́? Ọmọ ló máa sanwó ìkọ́ṣẹ́, ọmọ ló máa sanwó fírídọ̀ọ̀mù, ọwọ́ òfìfo ló máa bá délé.

Owó wá kàn. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ẹ̀. Ní Sri Lanka, àwọn olùwádìí kan fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ní 10,000 tàbí 20,000 rupee lọ́fẹ̀ẹ́, tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi mú àwọn tí wọ́n fún, kí wọ́n lè mọ ohun tí owó nìkan lè ṣe. Èrè tó wá lórí owó yẹn tó 5 nínú 100 lóṣooṣù, kò sí báńkì tó ń fúnni nírú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o màmá, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, èrè yẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Àwọn kan ti fẹ́ máa sọ pé obìnrin ò mọ òwò ṣe, kó tó di pé àwọn mìíràn tún nǹkan wò ní 2019, wọ́n rí i pé níbi tí ọkọ náà bá ti ní iṣẹ́ tiẹ̀, ibẹ̀ ni owó ìyàwó ń gbà lọ. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ bóyá ó jọ nǹkan tí ẹ ti rí rí.

Lóònù kékeré tí gbogbo ayé ń pariwo, tí Muhammad Yunus gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2006, wọ́n yẹ ẹ́ wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, wọ́n kó èsì ẹ̀ jáde pa pọ̀ ní 2015: ó ń ran èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀, kì í yọ ẹ̀ kúrò nínú ìṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí TraderMoni, lóònù tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, dé ní 2018, 10,000 náírà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ fi 10,000 rà? Ẹ máa fi kún ọjà ni, ẹ máa jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó tán. Ẹ wá wo YouWiN, ìdíje tí ìjọba ti ń fún àwọn tó ní èrò òwò tó dáa lówó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2011 láyé Jonathan. Ó tó 24,000 èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, 1,200 ló rí i gbà, owó tí wọ́n ń fún ẹnì kan sì jẹ́ nǹkan bí 50,000 dọ́là, ọ̀fẹ́, kì í ṣe lóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tẹ́tẹ́ ni wọ́n tún fi yàn wọ́n láàrin àwọn tó yege, torí ẹ̀ ló ṣe ṣeé fi wéra. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn tó rí i gbà pọ̀ gan-an ju ti àwọn tí kò rí i lọ. Ọmọ Nàìjíríà kan náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà, títì burúkú kan náà. Torí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé àìmọ̀ọ́ṣe ló dá wa dúró, mo máa ń ní kó lọ wo ìyẹn. Owó tó tó ẹ̀rọ rà yàtọ̀ sí owó tó tó ọbẹ̀ sè.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Mo dá ibi tí a ti ń fún epo pupa sílẹ̀ lápá Ìjerò nígbà kan, mo lọ bá báńkì kan (mi ò ní dárúkọ), wọ́n ní kí n mú ìwé ilẹ̀ C of O wá, ilẹ̀ ẹbí ni, ta ló fẹ́ fún mi ní C of O? Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tí owó ẹ̀ ju lóònù tí mò ń bèèrè lọ, wọn ò wo ọ̀nà ibẹ̀. Wọ́n ṣòfin ní 2017 pé ẹ̀rọ, ọjà inú ìsọ̀, kódà ẹran ọ̀sìn, báńkì lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ìdógò fún lóònù, pé wọn á kọ ọ́ sí rẹ́jísítà kan lọ́dọ̀ CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba. Òfin dáa. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá báńkì tó wà nídìí tábìlì ni kò tíì dé dáadáa. Èlé tún wá ga, CBN fúnra ẹ̀ gbé tiẹ̀ dé 27.5 nínú 100 ní November 2024, báńkì á wá fi tiwọn lé e, èrè wo nínú epo pupa ló lè san ìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ tèmi ti kú kí èlé tó dé ibẹ̀ yẹn, owó epo jẹnẹrétọ̀ ló pa á. Ọjọ́ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù ní May 2023, mo ṣírò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún un ṣírò, mo sì ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.

Àbúrò ọkọ yín lè fa South Korea yọ, pé kọ́ńpìnnì ńláńlá ló gbé wọn dókè. Kò burú, kí ẹ̀yin náà fa Taiwan yọ fún un. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ibẹ̀ ń sọ fún aráàlú pé kí wọ́n sọ pálọ̀ wọn di fákítìrì, ìyàwó ilé ń to bàtà, ń so ọmọláńgidi pọ̀, èèyàn díẹ̀ díẹ̀ nínú ilé kékeré, ohun tí wọ́n sì ṣe ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Àṣírí ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kékeré yẹn ò dá wà, ẹnì kan ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń pín in sílé sílé, ó ń kó o jọ, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ohun tí Ìlawẹ́ ò ní nìyẹn. Obìnrin tó ń yan gàrí pọ̀ níbẹ̀, kálukú ló ń dá ra gbágùúdá, kálukú ló ń bá aláròóbọ̀ nájà ní tiẹ̀, ọ̀kan yan kíkan, ọ̀kan yan èyí tí kò gbẹ, ẹni tó bá fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún àpò tó jọra ò ní rí i rà.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí lẹ máa ṣe, mi ò ní sọ pé kí ẹ lọ ṣí ibòmíì. Ẹ wá àwọn bí mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹ mọ ìwà wọn, ẹ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọpúrétíífù, ẹ jọ ra jáàkì tó dáa, kí gbogbo yín máa sẹ́ ẹ bákan náà kó lè gbẹ bákan náà, àpò kan, orúkọ kan. Èésú tí ẹ ń dá yẹn, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan, tí kò sẹ́ni tó lè kó o fi ṣòkú. Mo mọ̀ pé òkú àgbà kì í ṣe nǹkan kékeré ní Èkìtì, mo ti rí iṣẹ́ tó bá aṣọ ẹbí lọ, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá yín yan án sì máa rí nǹkan gidi gbà nínú èyí tó bá lé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sí i.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ ra ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ iye tí ẹ ra gbágùúdá, iye epo tó wọ ẹ̀rọ, iye tí ẹ san fún àwọn tó ń bó o, iye kóńgò tó jáde, iye tí ẹ tà á, àti kóńgò tí ẹ bù fún ilé, ìyẹn náà ẹ kọ ọ́. Tí ọ̀sẹ̀ kẹrin bá pé, ẹ fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí mi, kí àbúrò ọkọ yín náà wà níbẹ̀, a ó jọ ṣírò ẹ̀.